Kí ọwọ́ tó kan ara: bí a ṣe ń múra ibi ìwọ́ra àti ẹni tí a fẹ́ wọ́ sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìwọ́ra la fẹ́ bá yín sọ lónìí, èyí tí àwọn ọmọ Kútọnu ń pè ní massage. Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tí ìyá àgbà kò fi òrí wọ́ lẹ́yìn rí? Ìyá ìkókó wo ni wọn kò fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ̀ níkùn? Ohun tó yí padà ni pé iṣẹ́ náà ti jáde kúrò nínú ilé, ó ti di òwò. Ẹ rìn ní Gbégamey tàbí ní Cadjèhoun, ẹ ó rí pátákó rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó kọ́ ọ ní Kútọnu sì ti ń padà sí abúlé láti ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn.

Inú wa dùn sí i, nítorí iṣẹ́ tó ń mú owó wọlé ni, ó sì ń tu ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá àwọn kan nínú wọn sọ̀rọ̀, a rí i pé ọ̀pọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ara dáadáa; ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kí ọwọ́ tó kan ara ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Olùkọ́ ni àwa, a kì í ṣe dókítà. Ohun tí a kọ síbí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ti fi kọ́ ènìyàn tipẹ́, a kàn ń fi èdè wa sọ ọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ẹni tí ń wọ́ ara yàtọ̀ sí kiné. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1946 ló dá ìwé ẹ̀rí masseur-kinésithérapeute sílẹ̀, láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Kiné lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ọdún púpọ̀, òun ni dókítà ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí. Ẹni tí AVC kọlù tí apá rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú símẹ́ǹtì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, irú CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu ló yẹ kó lọ. Àwa tí a kàn ń wọ́ ara, iṣẹ́ tiwa ni ara tó rẹ̀, ẹ̀yìn tó le nítorí oko tàbí nítorí ẹrù orí, èjìká ẹni tó jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ látàárọ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ mọ kò ní ṣe ènìyàn léṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìbéèrè. Kí oníbàárà tó bọ́ aṣọ, kó jókòó, kí ẹ fún un lómi, kí ẹ sì bi í. Ibo ló ń dùn yín? Láti ìgbà wo? Ṣé ẹ ṣubú ni? Ṣé ara yín gbóná? Ṣé ẹ ní tension? Oògùn wo lẹ ń lò? Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín láìpẹ́? Tó bá jẹ́ obìnrin, ṣé oyún wà, àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni? Àwọn kan máa ń rò pé bíbéèrè báyìí ń fi hàn pé àwọn kò mọṣẹ́, pé babaláwo kì í bi aláìsàn ní nǹkan. Rárá o. Dókítà tó mọṣẹ́ jù ní CNHU, ìbéèrè ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ìdáhùn lè fi hàn, ọ̀kan wà tí a fẹ́ dúró lé lórí dáadáa, nítorí ó ń pani, kò sì hàn sójú bí ohun tó ń pani. Òun ni phlébite. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa ṣàn nínú iṣan ẹsẹ̀ á dì bí ọ̀gì, á sì dí iṣan náà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo á wú, ọ̀pọ̀ ìgbà ní ojúgun lẹ́yìn, níbi tó kún fún ẹran. Á máa dùn ún, á gbóná ju èkejì lọ, nígbà mìíràn á pọ́n. Kí ni ènìyàn máa ń sọ? "Ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹ bá mi wọ́ ọ." Ẹni tí kò mọ̀ á da òróró sí i, á tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já kúrò níbi tó wà, kó gba inú iṣan gòkè lọ sí ọkàn, kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni náà lè má mí mọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ta ló lè ní in? Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́ nítorí àìsàn tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó nínú ọkọ̀ láti Malanville dé Kútọnu láìnasẹ̀, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, aboyún, àti ní pàtàkì obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, fún ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́. Ẹ ṣàkíyèsí èyí tó kẹ́yìn yẹn, nítorí àwọn ìyá ìkókó gan-an la máa ń wọ́ jù lọ nílẹ̀ wa. Torí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ wò ó. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, tó ń dùn ún tó sì gbóná, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí a dúró de ọ̀la: ẹ pe àwọn sapeurs-pompiers lórí 118.

Àwọn ohun tó kù tó yẹ kó dá ọwọ́ yín dúró kò le láti rántí. Ibà àti ara gbígbóná: ẹ má wọ́ ọ, kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ibi tó wú lẹ́yìn tí ó ṣubú lórí zémidjan: egungun lè ti dá, títẹ̀ ẹ́ á sì mú kó burú sí i. Kódà bí ẹsẹ̀ bá kàn rọ́ ni, ọjọ́ 2 tàbí 3 àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìwọ́ra. Ohun tútù ni kí ẹ fi lé e, kó sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Egbò, eéwo, làpálàpá, ara tó ń yún tí ẹ kò mọ ohun tó fà á: ẹ má fọwọ́ kàn án. Àyà tó ń fún mọ́ ènìyàn, tí ìrora rẹ̀ ń lọ sí apá òsì tàbí sí àgbọ̀n, kì í ṣe òtútù, ọkàn ló lè jẹ́. Ẹ̀yìn tó ń dùn, tí ẹsẹ̀ sì kú tàbí tí ẹni náà kò lè di ìtọ̀ mú mọ́, ìyẹn náà ń kánjú.

Ti àwọn ọmọ tó ní drépanocytose, tí àwa ń pè ní àrọmọléegun, gba sùúrù. Bí egungun bá ń ro wọ́n, òbí á sáré gbé wọn lọ fún ìwọ́ra. Kì í ṣe iṣan ló le, ẹ̀jẹ̀ ni kò ráyè kọjá. Títẹ̀ líle kò lè tú u, omi tútù sì máa ń mú un burú. Ẹ fún ọmọ náà lómi mu, ẹ bò ó, ẹ gbé e lọ. Ibùdó kan wà ní Kútọnu tó jẹ́ ti àwọn ọmọdé àti aboyún tó ní àìsàn náà. Òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó béèrè ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Láti ọdún 2009 ni ìjọba Benin ti sọ césarienne di ọ̀fẹ́, ìyẹn ni pé àwọn ìyá ìkókó tó ní ojú ọgbẹ́ níkùn kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní abúlé. Ṣùgbọ́n aṣọ gbígbóná tí wọ́n fi ń tẹ ikùn kò yí padà. Ìyá ọkọ fẹ́ kí "ẹ̀jẹ̀ burúkú" jáde, ọmọ ìyàwó kò lè sọ pé rárá. Ẹ gbọ́ o: ojú abẹ tí kò tíì jinná, títẹ̀ àti omi gbígbóná lè ṣí i, ó sì lè mú un kẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀, èjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ẹ lè fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ́ wọn, yóò dùn mọ́ ọn nínú. Ikùn ńkọ́? Títí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn yóò fi sọ pé ó yá. Àti ti aboyún: ẹ má gbà láti "yí ọmọ padà" níkùn. Àwọn kan ń ṣe é pẹ̀lú òróró àti ọwọ́ líle. Olóbì lè já kúrò lára ilé ọmọ, kí ìyá àti ọmọ bọ́ sínú ewu. Aboyún tó ti wọ oṣù keje sókè, ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kó fi sùn, kí ẹ fi ìrọ̀rí sí àárín orúnkún rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kì í fẹ́ràn rárá: kíkán ọrùn. Ẹ ti rí i, onígbàjámọ̀ á gé irun tán, á di orí mú, á yí i gbì, ọrùn á dún "káù", gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ ń gba inú egungun ọrùn yẹn kọjá. Bí ó bá ya, AVC ló lè tẹ̀ lé e, kódà lára ọ̀dọ́. Kò sí ohun tí ìró yẹn ń wò sàn tó tó ewu rẹ̀.

Ó wá kan ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò di dandan kó jẹ́ ilé tó lẹ́wà. Yàrá kan tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó kí ẹ lè rí awọ ara ẹni tí ẹ ń wọ́, ó tó. Àwọn kan fẹ́ràn òkùnkùn àti àbẹ́là nítorí wọ́n rí i nínú fídíò. Ẹ kò ní rí egbò nínú òkùnkùn, àbẹ́là àti aṣọ tó gba òróró kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ ní tọ́ọ̀ṣì nítòsí, ẹ kúkú mọ SBEE. Fáànù kó má kọjú sí ẹni tó ti fi òróró para. Ibùsùn kó dúró gírígírí. Ẹ kọ́kọ́ jókòó lé e fúnra yín, ẹ mì ín. Gíga rẹ̀: bí ẹ bá dúró ṣánṣán tí ẹ na ọwọ́ sísàlẹ̀, kí orí ìka yín tàbí oríkèé rẹ̀ kàn án. Bó bá kéré jù, ẹ̀yìn tiyín ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, a sì ti rí àwọn awọ́ra tí àwọn fúnra wọn ń wá ẹni tí yóò wọ́ wọn. Ẹni tó bá ń lo ẹní nílẹ̀, kó kúnlẹ̀ lórí nǹkan rírọ̀, kó máa fi ìwúwo ara tẹ̀, kó má fi apá nìkan.

Ilẹ̀ oní tile àti òróró, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ tẹ́ nǹkan tí kì í yọ̀ sí ibi tí oníbàárà yóò fi ẹsẹ̀ kàn bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ohun gbogbo sì ní àyè tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, ọ̀pọ̀ afọ́jú ló ti ń ṣe iṣẹ́ ìwọ́ra láti ìgbà pípẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1680 sí 1690, ọkùnrin afọ́jú kan tó ń jẹ́ Sugiyama Waichi ṣètò ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wọn. Ẹni tí kò ríran kò lè máa tá ọwọ́ kiri wá ìgò òróró. Àwa tí a ríran ni a máa ń jù ú síbikíbi.

Aṣọ ibùsùn: ti ẹnìkan kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Bí aṣọ kò bá pọ̀, kí oníbàárà mú pagne tirẹ̀ wá, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tójú tẹ̀yìn. Kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́ o. Eṣinṣin kan wà nílẹ̀ wa tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tí a sá síta. Bí a bá fi aṣọ náà kan ara, ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ, á di eéwo tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Iná áyọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin yẹn. Ní Kútọnu tí ọ̀rinrin òkun kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ bọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju ti ará Kétu lọ.

Ọwọ́ yín ńkọ́? Èékánná kúkúrú, kò sí òrùka, kò sí ẹ̀gbà ọwọ́. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú ààyá 40 sí 60, kí ó dé àárín ìka àti ẹ̀yìn ọwọ́, ṣáájú àti lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1847, ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Vienna, dókítà Ignaz Semmelweis rí i pé àwọn dókítà ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wá sọ́dọ̀ aboyún láìfọ ọwọ́ dáadáa, àwọn ìyá sì ń kú. Ó ní kí wọ́n máa fi omi oní chlore fọ ọwọ́. Ikú dínkù gidigidi, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà kò gbà fún un. Nílẹ̀ tiwa, ibà Lassa jà ní apá Tanguiéta ní 2014, ó tún jà ní apá Tchaourou ní 2016, ìyẹn kò sì jìnnà sí àwọn ará wa ní Kilibo. Omi ara ẹni tó ní in lè kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ọwọ́ yín bá ní egbò, ẹ bò ó dáadáa. Bí kò bá ṣe é bò, ẹ sinmi lọ́jọ́ náà.

Javel, tí gbogbo wa ń rà, orúkọ àdúgbò kan ní Paris ni, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é ní bíi ọdún 1785. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Bó bá jẹ́ 2.6%, ìwọ̀n kan rẹ̀ sínú ìwọ̀n omi 25 tó láti nu ibùsùn àti tábìlì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ nù ún kúrò, kí ẹ wá da èyí tó le díẹ̀ sí i, ìwọ̀n kan sínú omi 4, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ kí ẹ tó lo Javel, nítorí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìdọ̀tí àti òróró. Òjò la fi ń po omi tuntun lójoojúmọ́? Rárá, omi mímọ́ lásán ni, ṣùgbọ́n tuntun ni lójoojúmọ́, torí ti àná ti pàdánù agbára. Ẹ má sì pò ó mọ́ ọtí kíkan tàbí oògùn mìíràn tí ẹ fi ń fọ ilé ìgbẹ́, èéfín tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ẹ má fi í pamọ́ sínú ìgò omi tí ọmọdé lè mu.

Òróró: òrí láti Borgou dára, àdín dára, òróró àgbọn dára. Ẹ bu ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ lò pẹ̀lú ṣíbí sínú àwo kékeré. Ẹni tó bá ń ki ọwọ́ bọ inú igbá òrí láàárín iṣẹ́ ń kó ìdọ̀tí ara Bàbá yìí lọ fún Màmá tọ̀hún. Ẹ fi díẹ̀ sí inú apá oníbàárà tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ béèrè bóyá ẹ̀pà tàbí òróró kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn báàmù tó ń ta, tí camphre àti menthol wà nínú wọn, ẹ má fi kan ọmọ ọwọ́ rárá, kódà díẹ̀; ó lè mú kí mímí rẹ̀ dí tàbí kí gìrì mú un. Ẹ má sì fi aṣọ gbígbóná lé orí báàmù, awọ á bó.

Omi gbígbóná fúnra rẹ̀ ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jà. Omi tó tó 60°C ń bó ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú ààyá bíi 5. Ọwọ́ ìyá tó ti ń dáná fún 40 ọdún kò mọ gbígbóná mọ́, nítorí náà ìgbúnwọ́ ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti kú. Á sọ fún yín pé omi náà dára nígbà tí awọ ti ń bó. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ìgbúnwọ́ yín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kì í wọ ẹnu wa bọ̀rọ̀: ìtìjú àti ọ̀wọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ṣe é: "Bàbá, ẹ̀yìn yín ni mo fẹ́ wọ́, mi ò ní kọjá ìbàdí. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i?" Ẹ jáde, ẹ jẹ́ kó bọ́ aṣọ fúnra rẹ̀, kó sì fi pagne bo ara; ibi tí ẹ ń wọ́ nìkan ni kó ṣí sílẹ̀. Bí obìnrin bá fẹ́ kí obìnrin wọ́ òun, tàbí kí àbúrò rẹ̀ jókòó tì í, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú yín. Òbí kó wà níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn má sì ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi tì í. Owó náà, ẹ sọ ọ́ ṣáájú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sọ. Bí awọ́ra bá jẹ́ ìyá àgbàlagbà, tí oníbàárà jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 20, ọmọ náà á fara da ìrora títí, torí kò lè sọ fún Ìyá pé ọwọ́ yín le jù. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ́ ló ń wọ́ bàbá ológun, bàbá á ní "Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ọkùnrin ni mí", bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń ya. Ẹ jọ fi àmì kan sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bó bá gbé ọwọ́ sókè, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹnì kankan kò ní bínú. Ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ àti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìka tó ká jọ ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ.

Kó tó dùbúlẹ̀, kó lọ tọ̀, kó má sì jẹ́ pé iyán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Wákàtí kan àbọ̀ ó kéré tán. Nígbà tí ẹ bá parí, kó má fò dìde. Kó yí sí ẹ̀gbẹ́, kó jókòó fún ìṣẹ́jú bíi 2, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹ dì í mú bó ṣe ń dìde, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn tension, nítorí òòyì máa ń kọ́ wọn. Ẹ nu òróró àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Kó mu omi, kó sinmi díẹ̀ kó tó gun zémidjan.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ọjọ́, orúkọ, ohun tó ń dùn ún, ìdáhùn tó fún yín, ibi tí ẹ wọ́, òróró tí ẹ lò. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, ọmọ rẹ̀ lè kọ ọ́ fún un, èdè Yorùbá náà ni. Ẹ fi í sí ibi tí ẹlòmíràn kò ti ní kà á. Bí oníbàárà bá padà wá lọ́jọ́ kejì pé ara òun yún tàbí pé ẹsẹ̀ òun wú, ẹ gbé ìwé náà lọ́wọ́, kí ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ béèrè.